Iná tí kò dé ara Àlàó

Mọ́rèníkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fà á ya. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí ọ bó ṣe yẹ, kí n béèrè iṣẹ́, kí n béèrè àlàáfíà, kí n tó wá dé orí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn, àmọ́ bí mo bá ti kí ọ tán ni ọwọ́ mi ń dúró. Jẹ́ kí n yáa sọ ọ́: ara Àlàó, alágẹmọ rẹ tí o fi sọ́wọ́ mi, kò yá. Má fò sókè. Ó wà láàyè, ó ti ń jẹun, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ó ń fi ojú kan wò mí, ó ń fi ojú kejì wo ògiri. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níwájú ti tẹ̀ bí ọrun, dókítà sì ní kò ní í tọ́ mọ́. Iná ló fà á. Èmi ni mo sì wà nídìí iná náà.

Ahọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn mí. O ṣáà mọ̀ pé ìrẹ̀ kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó na ahọ́n sí ọ̀kan, kò bá a. Ó tún nà án, ahọ́n náà kò dé ìdajì ọ̀nà. Mo ní bóyá ó ti yó ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i pé bó bá ń rìn lórí igi, ó ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ijó rẹ̀ tí àwa méjèèjì mọ̀ yẹn, àárẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a nísàlẹ̀ àgò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò òdòdó, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀, kò lè gbé ara rẹ̀ sókè. Àlàó tí kì í fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀! Mo gbé e sínú páálí, mo sáré.

Dókítà ẹranko ya ẹ́sìréè. Mọ́rèníkẹ́, egungun tó yẹ kó funfun báláú nínú àwòrán, bí èéfín ló rí. Ó fi ìka kan tẹ àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀, ó rọ̀. Ó wá bi mí pé, "Irú iná wo lẹ fi sórí àgò rẹ̀?" Mo ní iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa ni, pé èèyàn lè jókòó kàwé lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ tí ojú yín ń rí kọ́ ni mo ń béèrè." Ó tún bi mí bóyá nǹkan kan wà láàárín iná náà àti ẹran náà.

Gíláàsì wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ológbò yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé nǹkan á tún já lu àwọ̀n orí àgò, ni mo bá ní kí wọ́n gé gíláàsì fún mi, mo tẹ́ ẹ lé àwọ̀n náà, mo sì gbé ọ̀pá iná lé e lórí. Mo máa ń nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí iná lè rí ọ̀nà kọjá. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko.

Ìwọ ti mọ gbogbo èyí tipẹ́, àmọ́ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe yé mi, kí o bá mi wò bóyá ó yé mi tán. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, apá kan wà tí ojú èèyàn kì í rí, tí wọ́n ń pè ní UV; UVB jẹ́ ọ̀kan lára rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá kan awọ alágẹmọ ni ara rẹ̀ ń fi ṣe fítámìnì D3, D3 yìí ló sì ń jẹ́ kí calcium inú oúnjẹ wọ ara. Bí kò bá sí D3, o lè fi lẹ́búlẹ́bú calcium pa ìrẹ̀ lára títí ilẹ̀ á fi ṣú, púpọ̀ nínú rẹ̀ á kàn gba inú rẹ̀ kọjá lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe aláìní calcium, torí òun ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lára egungun. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi rẹ̀, tí ẹsẹ̀ fi tẹ̀. Gíláàsì lásán, irú èyí tí a fi ń ṣe fèrèsé, sì ń dá èyí tó pọ̀ jù lọ nínú UVB dúró. Ìmọ́lẹ̀ ń kọjá, ohun tí Àlàó nílò kò kọjá. Gbogbo ọ̀sán tí mo gbé àgò rẹ̀ sídìí fèrèsé títì, tí mo ní kó rí oòrùn díẹ̀, asán ni.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde lórí alágẹmọ Madagascar, èyí tí wọ́n ń pè ní panther chameleon. Wọ́n rí i pé bí D3 tó wà nínú oúnjẹ rẹ̀ bá kéré, òun fúnra rẹ̀ á lọ jókòó sábẹ́ UV ju bó ṣe máa ń jókòó lọ. Ilẹ̀ Yemen ni irú ti Àlàó ti wá, kì í ṣe Madagascar, ṣùgbọ́n mo rántí bó ṣe máa ń na ara rẹ̀ pẹlẹbẹ sábẹ́ iná yẹn láti àárọ̀ dalẹ́, tí gbogbo ìhà rẹ̀ á dúdú. Mo máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ pé, "Wo bó ṣe ń gbádùn." Ó lè jẹ́ pé ṣe ló ń wá nǹkan tí kò rí. Mo ti gbìyànjú kí n má ro ìyẹn lóru, mi ò rí i ṣe.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni mo yọ gíláàsì. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ wá iná tuntun, ibẹ̀ ni mo ti rí i bó ṣe rọrùn tó láti ṣìnà. Gílóòbù kan wà tí gíláàsì rẹ̀ búlúù, wọ́n kọ ọ́ sí páálí rẹ̀ pé ó dà bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Kò ní UVB kankan nínú. LED tí mo fẹ́ràn, tó ń mú kí ewé inú àgò tutù yọ̀yọ̀, òun náà kò ní in, ewé nìkan ló wúlò fún. Gílóòbù kékeré tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ní tirẹ̀ ní UVB lóòótọ́, àmọ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dà á sí, bí ẹran náà bá ti sún sí ẹ̀gbẹ́, ó ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń pè ní T5 HO ni mo padà mú, torí ó ń tàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àgò dé òpin, Àlàó lè yan ibi tó fẹ́ jókòó, ó sì lè sá wọ inú ewé bó bá ti tó o. Nọ́ńbà ara rẹ̀, tó ń sọ bí UVB rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ló gba àkókò mi jù. 5 tàbí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ ẹran tó ń gbé inú ewé bíi tirẹ̀. 10 àti 12 wà fún àwọn tó ń gbé aṣálẹ̀, tó ń jókòó nínú oòrùn gangan. Ọkàn mi ń sọ pé kí n mú 12 kí n lè fi san gbèsè oṣù mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ló dá mi dúró: UVB tó pọ̀ jù ń jó awọ, ó sì ń ba ojú jẹ́.

Mo fi rúlà wọn ẹ̀ka tó ti ń yáàrùn. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé ọ̀pá iná jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22, àwọ̀n nìkan ló wà láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ àwọ̀n fúnra rẹ̀ ṣì ń gba díẹ̀ lára UVB náà kó tó dé ìsàlẹ̀.

Iná ooru dá wà lọ́tọ̀. Gílóòbù halogen ni mo fi síbẹ̀, kò kéré, kò pọ̀, mo sì so tẹmómítà mọ́ ẹ̀ka náà ní ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń wà gan-an, kì í ṣe ara ògiri àgò bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ń fi 30 °C hàn. Mo gbé gílóòbù náà ga sókè àwọ̀n torí adé orí rẹ̀. O mọ̀ pé ó máa ń gùn dé abẹ́ àwọ̀n, á so rọ̀ síbẹ̀, irú wọn sì lè máa jóná lórí kí wọ́n má tètè kúrò. Omi tí mo ń fọ́n sí ewé fún un náà, kí iná tó tàn ni mo ń fọ́n ọn báyìí, torí omi tútù lè fọ́ gílóòbù tó gbóná.

Gílóòbù pupa tí o fi sílẹ̀ pé kí n máa tàn fún un lóru, mo ti yọ ọ́. Má bínú sí mi. O ní kì í rí àwọ̀ pupa. Ó ń rí i, Mọ́rèníkẹ́, ó tiẹ̀ ń rí ju tiwa lọ, torí ojú rẹ̀ ń rí lára UV tí tiwa kò rí. Òkùnkùn biribiri ló nílò fún wákàtí 12, kí ara rẹ̀ sì tutù díẹ̀ kó lè sùn. Láti ìgbà tí mo ti yọ ọ́, kì í yí ojú káàkiri lóru mọ́. Táímà ló ń tan gbogbo rẹ̀, òun ló ń pa á, ọwọ́ mi kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó Fẹ́mi ti bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Délé ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ níkẹyìn. Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní o ò rántí àwọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí iná tuntun ti wà níbẹ̀. Mo ń fún un ní calcium olómi tí dókítà kọ fún wa, ó kórìíra rẹ̀, ó máa ń la ẹnu sí mi bí ẹni tó fẹ́ gé mi jẹ, ìbínú yẹn sì ń dùn mọ́ mi torí kò lókun láti bínú tẹ́lẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ti ń le. Lánàá, ó na ahọ́n, ó sì mú ìrẹ̀ kan ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Mo sunkún. Dókítà ti ṣe tirẹ̀, èmi náà ń ṣe tèmi, àìmọ̀-ọ́n-jó ló kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Ibi tí mo ń lọ láti òwúrọ̀ nìyí. Ọ̀pá iná àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sọ ọ́ nù. Ọdọọdún ni ó yẹ kí á máa pààrọ̀ irú rẹ̀, torí UVB inú rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí déètì lára rẹ̀. Ìgbà wo lo fi í síbẹ̀? Dókítà bi mí, mi ò lè dáhùn. Bó bá jẹ́ pé tuntun ni nígbà tí o ń lọ, a jẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án gíláàsì mi nìkan ni. Bó bá ti pẹ́ níbẹ̀ kí o tó lọ, a jẹ́ pé ó ti ń jìyà ṣáájú ìgbà yẹn, dókítà á sì fẹ́ tún ẹ́sìréè yà, kó wo egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Mi ò béèrè kí n lè rí ẹni bá mi pín ẹ̀bi. Jọ̀wọ́, gba èyí gbọ́. Kódà bó bá jẹ́ pé ó ti gbó, èmi ló yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ tí o gbé e lé mi lọ́wọ́, mi ò béèrè.

Mítà tí o fi ń wọn UV ńkọ́, Solarmeter 6.5 yẹn, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ló wà? Bó bá wà níbẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, tàbí kí o fún ẹni tó ń bọ̀. Ó yẹ kó fi nǹkan bíi 3 hàn lórí ẹ̀ka ìyáàrùn rẹ̀, kó máa lọ sílẹ̀ títí dé òdo nínú ewé nísàlẹ̀. Láìsí i, rúlà àti ohun tí wọ́n kọ sára páálí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, mo sì ti gbẹ́kẹ̀ lé ojú ara mi lẹ́ẹ̀kan.

Bí o bá dé tí o ní o ń gbé e lọ, mi ò ní jiyàn. Ìwọ lo ni ín. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má fi ìyẹn sínú fóònù, wá sọ ọ́ lójú mi. Àti pé kí o pè mí. Ó ti pẹ́ jù, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá ẹnìkan ti sọ fún ọ.

Táímà ti pa iná rẹ̀ báyìí. Ó ti ká ìrù rẹ̀, ara rẹ̀ ti funfun lórí ẹ̀ka, iná tí mo fi ń kọ̀wé yìí ló kù tó ń kàn án lójú. Jẹ́ kí n pa á.

Èmi ni tìrẹ,
Dúpẹ́