Ìpàtẹ ọ̀sẹ̀ kan, owó ilé oṣù méjìlá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ ayàwòrán kékeré kan bá túká ní Mushin, Yábàá tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé ìjọba ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ojú wa ń rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, owó ilé ló ń tú ọ̀pọ̀ wọn ká, kì í ṣe àìmọ̀ọ́yà. Wọ́n á fi gbogbo owó ọwọ́ ṣe ìpàtẹ aláriwo kan, wọ́n á gba kánópì, wọ́n á tẹ ìwé ìpè olówó ńlá. Tí onílé bá wá dé lóṣù kẹta, kò ní sí kọ́bọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́. Ó ń dùn wá, torí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe dára.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní yàrá tí ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ 1,200,000 náírà lọ́dún, tí ẹgbẹ́ sì jẹ́ èèyàn 12. Bí kálukú bá ń dá 10,000 náírà lóṣù, 1,440,000 ni yóò wọlé lọ́dún. Èèyàn méjì lè má rí owó san rárá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin, owó ilé á ṣì pé géérégé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí wọ́n kàn pín owó ilé dọ́gba, bíi 8,333 náírà lẹ́nì kan lóṣù: lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá ṣàìsàn tàbí tó kó jáde, gbèsè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Owó yìí kì í ṣe àjọ tí ẹnì kan yóò kó. Kí akápò fi sí báńkì lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́, kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án nítorí ìpàtẹ. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò sì gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń san ti ọdún méjì, bóyá nítorí wọn ò mọ̀, bóyá nítorí pé ilé ti wọ́n wọn.

Inú ìpàtẹ ni kí owó ìpàtẹ ti jáde. Ilé àfihàn tó ń ṣòwò lè gba ìdá 30 sí 50 nínú 100 lórí iṣẹ́ tó bá tà; ẹgbẹ́ kékeré lè fi tirẹ̀ sí 20, kó fi ra epo jẹnẹrétọ̀, kó fi tẹ ìwé. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọlé: orúkọ iṣẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún, iye tí wọ́n ń tà á, àti ẹni tí yóò sanwó bó bá bàjẹ́ lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ ra iṣẹ́, kó san ìdajì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lẹ àmì pupa, èyí tó ń sọ pé wọ́n ti tà á, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì pupa tí kò sówó lẹ́yìn rẹ̀ ń lé ẹni tó mú owó lọ́wọ́ lọ.

Ẹ ṣọ́ra nídìí gbígbé iṣẹ́. Ojú ọ̀dà olóróró lè gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ lè gba oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n, wé e lójú, tí dánfó wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland lọ́sàn-án gangan, ooru á tẹ àmì róbótó róbótó sójú àwòrán, kò sì ní parẹ́ mọ́. Ẹ fi páálí bo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ohunkóhun má kan ojú rẹ̀, kí ẹ wá tò wọ́n ní ìdúró, ojú sí ojú, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn.

Tó bá kan gbígbé e kọ́, àárín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni kó fi nǹkan bíi 148 sẹ̀ǹtímítà ga sílẹ̀, kì í ṣe òkè rẹ̀. Ká mú àwòrán tó ga ní 90. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 45. Ẹ fi ìka fa wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ sókè bí ìgbà tó bá ti wà lára ìṣó. Bí ó bá fi 10 rẹlẹ̀ sí etí òkè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 45, ó ku 35. Ẹ fi 35 kún 148: ìṣó yóò wà ní 183. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá àti kékeré á ṣe tò dáadáa lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Èyí tó bá fẹ̀ ju 60 lọ, ìṣó méjì ni kí ẹ fún un, kó má baà wọ́ sápá kan.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ń fẹ́ dírílì 6 mìlímítà àti ike tí súkúrúù ń wọ̀. Ìṣó lásán á kàn fọ́ sìmẹ́ńtì ojú rẹ̀ ni. Àwọn ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà yàtọ̀. Amọ̀ ló wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ má fi dírílì kàn wọ́n rárá. Pákó plywood ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 tó ń dá dúró ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú àpò iyanrìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e ṣubú. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí òjò Èkó le jù, ògiri máa ń tutù rinrin. Ẹ lẹ fóòmù kékeré mọ́ igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn férémù. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráàyè kọjá, ẹ̀yìn kánfáàsì á hu àmì dúdú bíi búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ọ̀rá.

Nítorí náà ni oṣù kọkànlá fi dára jù lójú wa. Òjò ti ń lọ sílẹ̀, àwọn tó ń ra iṣẹ́ ọnà sì ń wọ Èkó nítorí ART X, ọjà iṣẹ́ ọnà ọdọọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Kí ẹgbẹ́ mú ọ̀sẹ̀ kan, kó má yẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, kódà bó jẹ́ iṣẹ́ mẹ́jọ péré ló wà nílẹ̀. Àìyẹ̀ yìí lérè: àgbà oníṣẹ́ ọnà Bruce Onobrakpeya, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Papa Àjàó ní Mushin, dá Harmattan Workshop, ibi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń péjọ ṣiṣẹ́ lọ́dọọdún, sílẹ̀ ní Agbarha-Otor ní ìpínlẹ̀ Delta ní 1998, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà ló sì ti gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún dé ọdún.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ máa ń ṣófo lásìkò ìsinmi. Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn alága ni pé kí wọ́n máa yá ẹgbẹ́ kékeré ní ọjọ́ mẹ́wàá: méjì láti gbé iṣẹ́ kọ́, méje fún ìpàtẹ, ọ̀kan láti kó o kúrò àti láti dí ihò ògiri. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò ni kò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ̀yin náà, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi igun kékeré kan sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Ẹtì fún ìkéde ìpàtẹ àdúgbò: ojúlé, ọjọ́, aago tí ilẹ̀kùn ń ṣí, àti ibùdókọ̀ tí èèyàn yóò ti bọ́ sílẹ̀. A ó máa fi í ránṣẹ́ sí yín kó tó di ọjọ́ Ajé.

Àwa ayàwòrán àti agbẹ́gilére kan,
Mushin àti Yábàá, Èkó