Àwọn ló ra ilé iṣẹ́, àwa ni wọ́n ní ká san án

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aṣojú tó ń ta sọ́fítíwíà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ìwé owó ránṣẹ́ láti Èkó. N kò ní dárúkọ òun tàbí ilé iṣẹ́ tó ń ṣojú fún. Sọ́fítíwíà tó ń sọ sáfà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn yòókù ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, di mẹ́fà, mẹ́jọ ni. Orí rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ owó àjẹṣẹ́kù àti ẹ̀yáwó wa wà. A ti ra láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa lò ó, pátápátá, rìsíìtì wà nínú fáìlì. Wọ́n wá ní ilé iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, pé ẹni tó rà á kò ta láísẹ́ǹsì mọ́, ọdọọdún la ó máa sanwó, dọ́là sì ni. Bí a kò bá san, ká máa lo ti àtijọ́ lọ, àmọ́ kò sí àtúnṣe, kò sí ẹni tí yóò gbé fóònù wa. Akápò wa wo bébà náà, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fi òdo kan kún un ni?"

Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni yóò ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí, tí yóò gbàwé, tí olówó kan yóò wá ra ìyókù ilẹ̀ ẹbí náà, tí yóò ní kí ẹni àkọ́kọ́ máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún òun? Wọ́n á jọ dé ààfin ni!

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ìtàn VMware, ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ fún irú sọ́fítíwíà yìí. Ọdún 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún 2003, EMC, ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ tí a ń kó dátà pamọ́ sí, kéde pé òun fẹ́ rà á ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 600 dọ́là. Nígbà tí wọ́n gbé ìpín ìdókòwò rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2007, dọ́là 29 ni wọ́n ta ọ̀kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di 51. Ní ọjọ́ kejì, Citrix, ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà mìíràn, kéde pé òun fẹ́ fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là ra XenSource, ilé iṣẹ́ kékeré tó ń bá VMware du ọjà, tí owó tó ń wọlé fún un kò tíì tó nǹkan. Ta ló ṣírò iyẹn? Dell tó ń ṣe kọ̀ǹpútà gba EMC lọ́dún 2016, VMware bá a lọ. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Broadcom, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù kọ̀ǹpútà, gba VMware ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 69 dọ́là. Oṣù kan kò pé tí wọ́n fi kéde pé àwọn kò ta láísẹ́ǹsì àrà-pátápátá mọ́. AT&T, ilé iṣẹ́ fóònù Amẹ́ríkà tó tóbi tó yẹn, gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 2024 kí wọ́n tó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá lè le fún AT&T, kí ni alájẹṣẹ́kù Ìjẹ̀bú-Òde fẹ́ ṣe?

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí: ẹni tó bá fi owó gọbọi ra ilé iṣẹ́, oníbàárà ni yóò ti gbà á padà. Àwọn ló ra ilé iṣẹ́, àwa ni wọ́n ní ká san án.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ àwọn ọ̀gá ìjọba wa lórí pèpéle! Gbogbo ìpàdé ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ẹ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kí òyìnbó lè wá rà á. Wọ́n á dárúkọ Paystack, ilé iṣẹ́ ìsanwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ wa dá sílẹ̀, tí Stripe ti òyìnbó rà lọ́dún 2020. Ó dáa fún àwọn ọmọ náà, mo kí wọn kú oríire. Àmọ́ kò sí ọ̀gá kan tó máa ń béèrè ohun tí ojú oníbàárà ń rí lẹ́yìn títà. Ká pàtẹ́wọ́, ká ya fọ́tò, ká jẹ ìrẹsì, ó parí. Àwọn kan náà ni wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé láti ra irú sọ́fítíwíà yìí fún ọ́fíìsì ìjọba láì kà á.

Ojútùú kan wà, mo sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́: KVM, sọ́fítíwíà tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Inú Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ló wà láti ọdún 2007, ọ̀fẹ́ ni. Lọ́dún 2008, Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń fi Linux ṣòwò, ra Qumranet, ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ KVM, ní mílíọ̀nù 107 dọ́là. IBM tún ra Red Hat fúnra rẹ̀ ní bílíọ̀nù 34 lọ́dún 2019. Pẹ̀lú gbogbo títà yìí, KVM ṣì jẹ́ ọ̀fẹ́, nítorí kò sí ẹni tó lè kó o sápò. Kí àwọn alájẹṣẹ́kù, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ da owó ọdún kan tí wọ́n ní ká máa san yìí pọ̀, kí wọ́n fi gba ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún síṣẹ́. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà jáde ní yunifásítì Àgó-Ìwòyè ń ṣe POS káàkiri ìgboro. Sáfà àlòkù kan ni kí wọ́n fi kọ́ ọwọ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó ohun tí kò léwu lọ síbẹ̀. Ìwé owó ni kó kẹ́yìn, kí ti àtijọ́ sì wà nílẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí ọkàn gbogbo wa yóò fi balẹ̀. Iṣẹ́ náà kò rọrùn, pàápàá pẹ̀lú iná wa yìí, ṣùgbọ́n náírà la ó fi san án, ọmọ wa ni yóò sì gbà á.

Kí ìjọba náà fi òfin de títà tó bá da àdéhùn oníbàárà rú. Kí wọ́n sì jẹ́ ká máa fi náírà sanwó.

Ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ kọ̀wé sí olóòtú kí á mọ iye tí a jẹ́, ká lè dá ọjọ́ ìpàdé.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan,
Ìjẹ̀bú-Òde.