Ẹ Jẹ́ Kí Òṣìṣẹ́ Lè Pààrọ̀ Ọ̀gá

Sí Olóòtú,

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Ìlú Ọba. Òótọ́ ni: láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, wọn ò gba òṣìṣẹ́ tuntun láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà mọ́. Àgẹ́ǹtì tó bá ṣì ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn n'Íbàdàn pé òun á bá a wá CoS (ìwé ìgbọ̀wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá, tí wọ́n fi ń tọrọ físà) fún iṣẹ́ ìtọ́jú yìí, gbájúẹ̀ ni. Ẹ bá mi fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ìyẹn.

Wọ́n ní iṣẹ́ tó bá tó ti ẹni tó gboyè yunifásítì ni àwọn ń fẹ́ báyìí. Ẹni tó bá rò pé tiwa ò gba ọpọlọ, kó wá gbé arúgbó tí iyè rẹ̀ ti rá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní ìdájí. Àmọ́ mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn; ẹni tó nilé ló ni ilẹ̀kùn.

Ohun tó ń dùn mí ni ti àwa tí a ti wọlé láti ọdún 2022 tí wọ́n ti ṣí i. Físà yìí so olúkúlùkù wa mọ́ ọ̀gá kan bí ìgbà tí wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Bí ọ̀gá ò bá fún ọ ní wákàtí tó wà nínú ìwé, tí o sì yanu, yóò ní òun á fagi lé físà rẹ. Bí ìjọba bá wá gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun lọ́wọ́ ọ̀gá oníjìbìtì, òṣìṣẹ́ ló ń jẹ̀yà rẹ̀: wọ́n sábà máa ń fún un ní ọjọ́ 60 péré kó fi wá ọ̀gá mìíràn. Láti oṣù Keje 2022 sí oṣù Kejìlá 2024, iléeṣẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n gbàwé lọ́wọ́ wọn lé ní 470, òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ wọn sì lé ní 39,000. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ló ka iye yìí o. Nínú wọn la ti rí àwọn tó ta ilẹ̀ baba wọn kí wọ́n tó rí CoS rà, ìwé tí òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni tà.

Wọ́n ní a ṣì lè pààrọ̀ físà láti ibí títí di oṣù Keje 2028, ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun náà gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Kí ló dé tí físà ò lè so mọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú fúnra rẹ̀, kí èèyàn máa ṣe é níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wá òṣìṣẹ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bi iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní London léèrè bóyá wọ́n ti bá ìjọba ibí sọ ọ́.

Òǹkàwé yín,
Leeds