Àdùkẹ́, Má Tíì Sanwó Ẹ́ńjìnnì Yẹn

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Nígbà tí o pè mí lálẹ́ àná, mo mọ̀ pé o ti sunkún kí o tó pè. Ohùn rẹ kò lè pamọ́ fún mi. Fọkàn balẹ̀. Irin ló bàjẹ́; ìwọ fúnra rẹ jáde nínú ọkọ̀ náà láìfarapa, ìyẹn sì tó mi dúpẹ́. Ohun tí mi ò ráyè sọ tán lórí fóònù ni mo jókòó kọ yìí, torí owó tí wọ́n ní kí o mú wá kì í ṣe owó kékeré, mi ò sì fẹ́ kí o san án lẹ́ẹ̀mejì.

O ní mẹkáníìkì sọ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ tó gbóná, tó dákẹ́, ti kú, kí o lọ ra òmíràn. Mo bi ọ́ bóyá ó ti tú u, o ní kò tú u, pé ó kàn tẹ́tí sí i ni. Ọmọ mi, ẹni tí kò tíì tú ẹ́ńjìnnì wò kò lè sọ ohun tó pa á, kò tilẹ̀ lè sọ bóyá ó kú.

Ṣé o rántí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí mo fi ń gbé ọ lọ sílé ìwé? O kéré nígbà náà, o ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì méjì ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ yẹn láàárín oṣù mẹ́rin. Àkọ́kọ́ gbóná títí ó fi dákẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní kí n ra tòkunbọ̀, mo rà á lọ́jọ́ kejì, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó mú kí ti tẹ́lẹ̀ gbóná. Radiator àtijọ́ náà, èyí tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, ni wọ́n tún so mọ́ èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tí ìyẹn náà gbóná, tó dákẹ́, mẹkáníìkì mìíràn fi ayùn gé radiator náà níṣojú mi. Àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi ń gbà kọjá nínú rẹ̀ ti dí, ìpẹtà pupa àti èérí ló kún wọn bí ẹni pé wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Èyí tí omi ṣì lè gbà kọjá kò tó ìdajì. Mo di irin náà mú lọ́wọ́, mi ò lè sọ̀rọ̀. Owó ẹ́ńjìnnì méjì ni mo san nítorí radiator kan. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá; èmi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí náà, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ má jẹ́ "èló ni?" Bi í pé kí ló fà á. Ṣé omi ló jò ni, àbí fáànù ni kò yí, àbí thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí omi gbígbóná kọjá lọ sí radiator, ni kò ṣí mọ́, àbí water pump tó ń ti omi kiri ló bàjẹ́? Ẹni tó bá dá ọ lóhùn pé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, má fún un lówó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀. Thermostat ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 90 lórí ìwọ̀n Celsius. Ìdérí radiator ló ń há omi náà mọ́ tí kò fi ń hó ní 100. Tí omi bá ti jò, kò sí ohun tó há a mọ́ mọ́: yóò hó, ooru yóò wá gba ibi tó yẹ kí omi wà. Top cylinder, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, tó sábà máa ń jẹ́ aluminium, yóò wú, yóò sì wọ́. Top gasket, awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín òun àti block tí í ṣe ara ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀, kò ní lè dí àlàfo náà mọ́, ni omi yóò bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ibi tí epo ti ń jó tàbí kó wọ inú ọ́ìlì. O ní èéfín funfun nípọn lẹ́yìn ọkọ̀ kó tó dákẹ́. Omi ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ọ́ìlì ló ń jó ni, èéfín náà ì bá ní àwọ̀ búlúù. Ká ní epo ló pọ̀ jù, ì bá dúdú. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orí nìkan ló ń dùn ún.

O tún sọ pé o wà á fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí iná pupa tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù tàn, torí o kò fẹ́ dúró sójú ọ̀nà lálẹ́. Mi ò bá ọ wí, èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sọ ọ́ fún mẹkáníìkì bó ṣe rí gan-an, má fi pamọ́, torí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ló lè mú kí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ti fara gbá nínú rẹ̀.

Tí ọkọ̀ bá ti tutù pátápátá, fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jáde fúnra rẹ, kí o wò ó lójú iná. Ọ́ìlì tí omi ti wọ̀ kì í hàn kedere, ṣe ló máa ń funfun ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ẹfun. Má ṣe ṣí ìdérí radiator nígbà tó bá gbóná o, omi tó bá tú jáde níbẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Má sì jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé kí o tún sítáàtì rẹ̀ kí àwọn gbọ́ ọ. Ó ti tó.

Kí wọ́n tó tú u, ní kí wọ́n ṣe compression test, ìyẹn wíwọn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, sanwó rẹ̀, kí o sì kọ nọ́ńbà inú cylinder kọ̀ọ̀kan, ihò tí písítìn ti ń lọ sókè sódò, sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, ó máa ń wà láàárín 120 sí 200 psi (psi ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ náà), ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jọra wọn sí ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tó kéré jù kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tó pọ̀ jù. Tí ọ̀kan bá kéré, kí wọ́n bu ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò plug rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ring tó yí písítìn ká ti jẹ. Bí kò bá gòkè, gasket ni, tàbí valve, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde.

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ṣí orí. Lọ dúró tì wọ́n. Wọn yóò gbé irin kan tó gún régé lé ojú top cylinder. Bẹ̀rẹ̀ kí o wo abẹ́ irin yẹn, kí ẹnìkan tan iná láti òdìkejì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń yọ, ibẹ̀ ló ti wọ́. Àìgún tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ gbà láàyè kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ gbà tó bẹ́ẹ̀. Tí kò bá wọ́ púpọ̀, wọ́n lè fá a lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dán an wò bóyá ó sán. Kí wọ́n ra bóòtù tuntun láti fi dì í, torí nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lo bóòtù orí.

Bó bá parí síbẹ̀, tún un ṣe, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọ lọ́kàn padà. O mọ ìtàn ẹ́ńjìnnì yẹn, ìwọ lo ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà.

Ìsàlẹ̀ ni mo bẹ̀rù. Bí wọ́n bá tú ọ́ìlì sílẹ̀ tí o rí i tó ń dán yinrinyinrin bíi góòlù lílọ̀, irin ló ń jẹ irin nínú rẹ̀. Ní kí wọ́n tú bẹ́ríìnì kan lára crankshaft, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìn ń yí nísàlẹ̀, kí o rí i: èyí tó dáa máa ń ní ojú eérú tó dán, kò ní ojú ọgbẹ́, èyí tó ti jẹ máa ń fi bàbà hàn. Tí crankshaft bá ti ha jinlẹ̀, tàbí block sán, tàbí connecting rod, apá irin tó so písítìn mọ́ crankshaft, já tó lu block jáde, èmi ò ní kí o tún un ṣe. Ra òmíràn.

Bó bá wá di rírà, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti wọn compression rẹ̀ níṣojú rẹ ni kí o mú, kì í ṣe èyí tí wọ́n fọ̀ tó ń dán lóde. Rí i pé nọ́ńbà ara rẹ̀ bá irú ọkọ̀ rẹ mu, kí o sì lọ yí ìwé ọkọ̀ padà torí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ti yí padà. Kó tó wọlé, nígbà tó ṣì wà nílẹ̀ tí ọwọ́ dé gbogbo ibi, kí wọ́n pààrọ̀ timing belt, ìgbànú tó ń mú kí valve àti písítìn jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, bó bá ní, water pump, àti àwọn seal tó ń dí ọ́ìlì mọ́ lójú àti lẹ́yìn. Iṣẹ́ tí kò gba àkókò lónìí nìyẹn, tí yóò gba odidi ọjọ́ bó bá ti wọlé tán. Kí ìdánilójú tí wọ́n bá fún ọ wà nínú ìwé. Kí wọ́n sì so radiator tuntun mọ́ ọn. Èyí ni mo bẹ̀ ọ́ jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kọ.

Ohun kan wà tí o kò fẹ́ gbọ́, torí mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Bi ara rẹ bóyá gíà rẹ̀ ṣì ń wọlé wẹ́rẹ́, bóyá abẹ́ rẹ̀ kò tíì dípẹtà. Ọkọ̀ tí o fẹ́ tà lọ́dún tó ń bọ̀ kò yẹ kó gba ẹ́ńjìnnì tuntun lọ́wọ́ rẹ. Bó bá jẹ́ pé o ṣì fẹ́ wà á fún ọdún márùn-ún, ìyẹn yàtọ̀.

Lọ lọ́la, ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yẹn, kí wọ́n ṣí orí nìkan. Ya fọ́tò ojú gasket àti ojú top cylinder lójú ìmọ́lẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà compression. Títí mo fi máa pè ọ́ padà, má sanwó ẹ́ńjìnnì fún ẹnikẹ́ni.

Màmá rẹ.