Àṣàkẹ́, ẹ gúnlẹ̀ ná

Èbúté Mẹ́ta, Èkó

Àṣàkẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lóru àná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ. O ní kò síṣòro, àmọ́ mo ń gbọ́ omi tó ń dà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì mọ̀ pé ńṣe lo ṣí ẹ̀rọ omi kí ọkọ rẹ má baà gbọ́ ẹkún. Nínú mọ́tò tẹ́ ẹ fi ṣe ilé, tí gbogbo rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ibo lèèyàn tún fẹ́ sá sí?

Mi ò ní dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ talé yín ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ kó sínú mọ́tò, àwọn kọ̀ndọ́ tó máa ń sùn sínú dánfó ní Ọ̀ṣòdì ló wá sí mi lọ́kàn. Ìgbà tí o wá fi fọ́tò ránṣẹ́, tí mo rí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti balùwẹ̀, mo ní háà, èyí mà sàn ju ilé tá a gbé ní Mushin lọ. Nítorí náà, mi ò ní kẹ́ ẹ tà á. Kí táyà rẹ̀ dúró ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ wá ọgbà tí wọ́n ń gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sí, èyí tó sún mọ́ ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú ọkọ rẹ, ẹ san owó oṣù, kẹ́ ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí tí òògùn náà á fi parí.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń fún un ní òògùn jẹjẹrẹ, ìgbà 12, o ní ìgbà mẹ́rin péré ló ṣì gbà. O tún ní bí wọ́n bá ti yọ báàgì òògùn tó ń gbé kọ́rùn fún wákàtí 46, ọ̀nà ló máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ mú, torí bẹ́ ẹ bá dúró, á dà bíi pé jẹjẹrẹ ti borí òun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ti gbọ́ ọ rí, lẹ́nu bàbá rẹ.

O kéré nígbà tá a kó kúrò ní Ìkòròdù. Títí dòní, o rò pé owó ló wọ́n wa. Kì í ṣe owó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni bàbá rẹ ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìdí-Àràbà torí kíndìnrín rẹ̀, wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Aago mẹ́rin ìdájí la ti ń jáde. Lọ́jọ́ kan, tírélà ṣubú sọ́nà nítòsí Mile 12, a ò kúrò lójú kan títí oòrùn fi mú. Nígbà tá a fi máa débẹ̀, ẹlòmíì ti wà lórí ẹ̀rọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó mí. Mo ní mi ò gbé Ìkòròdù mọ́. Ó yarí. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù ilé yẹn, ó ní ọkùnrin wo ló ń fi yàrá mẹ́ta sílẹ̀ lọ gba yàrá kan, kó lọ máa tò láti wẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin ni kò bá mi sọ̀rọ̀.

Mo dẹrù lọ sí Mushin. Àṣìṣe tèmi ni pé mo fi dókítà bojú, mo ní òun ló pàṣẹ. Irọ́ ni. Èmi ló ti rẹ̀, mi ò sì lè lanu sọ ọ́. Ìwọ sọ tìrẹ. Má fi nọ́ọ̀sì bojú, má fi owó epo bojú. Sọ fún ọkọ rẹ pé ìwọ lò ń wa mọ́tò, ìwọ lò ń gbé ìgbọ̀nsẹ̀ dànù, ìwọ lò ń ka òògùn, àti pé ó ti rẹ̀ ọ́. Á bínú. Jẹ́ kó bínú.

Ọdún méjì ààbọ̀ ni bàbá rẹ tún lò ní Mushin. Iwájú ilé yẹn ló ti kọ́ ọ ní ayò.

O ní bí ara ọkọ rẹ bá ti gbóná dé ìwọ̀n 38 (Celsius), kẹ́ ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sáré láti inú aginjù tí fóònù kì í gbé? O sì ní inṣọ́ránsì yín kò jáde kúrò ní ìpínlẹ̀ kan, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Òtútù ń bọ̀, ẹni tí omi tútù ń gún lọ́fun bí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn òògùn kọ́ ló yẹ kí gáàsì tán mọ́ lọ́wọ́ lóru. Jọ̀ọ́, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí èéfín olóró bá wà nínú mọ́tò, dán an wò lónìí. Ìwọ náà mọ ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú oorun ládùúgbò wa, ohun tó sì ń pani nínú èéfín yẹn kì í rùn.

Àbúrò bàbá rẹ ti gbé àgbo wá láti Òkè-Arin, ìgò mẹ́ta, ó ní kí n fi ránṣẹ́. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ibẹ̀ ló máa wà. Má sọ fún un.

Ẹlúbọ́ ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọkọ rẹ lè jẹ àmàlà gbígbóná, kò lè jẹ ohun tútù. Àmọ́ èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, South Dakota, ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà yín àmọ́ tẹ́ ẹ kì í gbé, ló kọ́kọ́ lọ, nígbà tó fi máa bá yín, kòkòrò ti jẹ tiwọn tán. Tuntun ti dé sí Oyíngbò, mo ti kù ú, mo ti dì í lọ́nà méjì. Àdírẹ́sì ibi tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ sí ni mò ń dúró dè.

Ìyá rẹ