Alátọ̀gbẹ, ẹ máa wọn ṣúgà lẹ́yìn oúnjẹ pẹ̀lú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kan nǹkan nìkan ni wọ́n ń lò ó. Bó bá ti wà láàárín 80 sí 130 mg/dL, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ni ẹ ó rí ohun tí oúnjẹ náà ṣe nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì yẹ kó tó 180 fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Ẹ wo àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òkìkí ti kàn pé oúnjẹ alátọ̀gbẹ ni, àwọn mìíràn wá ń jẹ ẹ́ ní àjẹyó bí ẹni pé oògùn ni. Sítáàṣì ṣì kún inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ó ń di ṣúgà nínú ikùn, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Kó má ju ìkúùkù yín lọ. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹ bá rí 220 lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ dín òkèlè kù lọ́jọ́ kejì, ẹ má yí ọbẹ̀ padà, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n tí ara ọ̀rẹ́ yín gbà lè má jẹ́ tiyín.

Ẹni tó bó ọsàn tán tó gún ìka láti mú ẹ̀jẹ̀ láì fọwọ́, ṣúgà ọsàn ni ẹ̀rọ máa kà. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kó gbẹ dáadáa, torí omi tó bá kù yóò la ẹ̀jẹ̀, iye á sì wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í dunni tó orí ìka. Inú ìgò rẹ̀ ni kí sítíríìpù, ìyẹn pẹlẹbẹ tí ẹ ń kan ẹ̀jẹ̀ sí, máa gbé, kí ẹ dé e lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rinrin àti ooru ń bà á jẹ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ń kọ nọ́ńbà bíi 7.0, mmol/L ló ń lò, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 18, yóò jẹ́ 126 mg/dL.

Ẹ má pa oògùn tì torí pé ṣúgà ti dára. Oògùn náà ló mú un dára. Àmọ́ ẹni tó lo abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí oògùn oníhóró glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tí kò wá jẹun, wàhálà ń bọ̀: òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa lù kìkì. Bí ṣúgà rẹ̀ bá wà lábẹ́ 70, ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi fún un, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fún un lẹ́ẹ̀kejì bí kò bá gòkè. Bó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu rárá. Ilé ìwòsàn ni.

Sítíríìpù wọ́n, òótọ́ ni. Ẹni tí kì í lo ínsúlínì, tí owó rẹ̀ kò sì ká a lójoojúmọ́, lè lo méjì fún oúnjẹ kan ṣoṣo, ọ̀kan ṣáájú, ọ̀kan lẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí kó jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó jẹ́ ti ọ̀sán. Kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, pẹ̀lú ohun tó jẹ, kó sì gbé e lọ fún dókítà.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì alátọ̀gbẹ,
Ìbàdàn.