Ìkéde: Ìjíròrò lórí Asad, akẹ́kọ̀ọ́ Dhaka

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ìtàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a óò jókòó sọ̀rọ̀ lórí Amanullah Asaduzzaman tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Asad. Ìtàn lòun náà kà ní Yunifásítì Dhaka ní Bangladesh, bíi tiwa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1969, ọlọ́pàá yìnbọn pa á níbi ìwọ́de. Ìlà-Oòrùn Pakistan ni wọ́n ṣì ń pe Bangladesh nígbà náà. Ohun mọ́kànlá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè, tó fi mọ́ kí ẹkùn wọn máa ṣàkóso ara rẹ̀.

Ẹ̀wù rẹ̀ tó rin fún ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbé kiri bí àsíá. Èyí ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù. Ẹnubodè tó ń jẹ́ orúkọ Ayub Khan, Ààrẹ Pakistan nígbà náà, ará ìlú yí i padà sí Ẹnubodè Asad. Kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, Ayub ti fipò sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé. Wákàtí kan gbáko la fi dúró de ara wa nígbà tó kọjá.

Akọ̀wé ẹgbẹ́